Ẹrẹ̀ Tí Ó Mọ́ Jù

Yàrá kékeré kan wà létí èbúté: tábìlì kan, àga méjì, fèrèsé kan tó kọjú sí odò. Lẹ́yìn ògiri ni iléru ńlá wà, níbi tí wọ́n ti ń fi iná yọ́ ẹrẹ̀ olóró inú odò di gíláàsì, ariwo rẹ̀ kì í sì í dákẹ́. Ẹnjiníà tó ń darí iléru náà, obìnrin kan, jókòó ti ìwé àyẹ̀wò kan. Ó ti kà á lẹ́ẹ̀mẹ́rin, inú rẹ̀ ò sì dùn sí i. Baba Ọlọ́kọ̀, tó ń fi ọkọ̀ kó ẹrẹ̀ náà wá láti ìsàlẹ̀ odò, kan ilẹ̀kùn, ó wọlé, ó dúró síbi tí ara rẹ̀ ò ti ní kan nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́: baba yìí mọ́ ju bó ṣe yẹ kí ẹni tó ń ru ẹrẹ̀ mọ́ lọ, kò sì sẹ́ni tó bi í léèrè rí.

ẸNJINÍÀ: Baba, ẹ jókòó.

BABA: Ẹ jẹ́ n dúró. Aṣọ iṣẹ́ ló wà lọ́rùn mi.

ẸNJINÍÀ: Ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀. A gbé díẹ̀ lára ẹrẹ̀ tí ẹ kó wá lọ́sẹ̀ tó kọjá lọ fún àyẹ̀wò. Ìwé ẹ̀ rèé.

BABA: Kí ni wọ́n rí?

ẸNJINÍÀ: Wọn ò rí nǹkan kan. Ẹrẹ̀ yín mọ́.

Baba ṣí fìlà.

BABA: Ẹ ṣeun. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń retí kí ẹnì kan kíyè sí i.

ẸNJINÍÀ: Baba, mi ò yìn yín.

BABA: Mo mọ̀. Ọ̀mọ̀wé kì í yin èèyàn lójú ara ẹ̀.

ẸNJINÍÀ: Ẹ gbọ́ mi ná. Kò sí òjé nínú ẹ̀. Kò sí epo dúdú nínú ẹ̀. Gbogbo májèlé tí ilé iṣẹ́ ọ̀dà yẹn fi ogún ọdún dà sódò, tí a tìtorí ẹ̀ kọ́ iléru yìí, kò sí ìkankan nínú ẹ̀. Mo ní bóyá àṣìṣe ni. Mo ní kí wọ́n wo ti oṣù tó kọjá. Ìyẹn náà mọ́. Mo ní kí wọ́n wo ti oṣù kẹta sẹ́yìn.

BABA: Ti oṣù kẹta sẹ́yìn lè má fi bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọwọ́ mi ò tíì yá nígbà yẹn.

Ọ̀rọ̀ yìí gba etí Ẹnjiníà kọjá, kò dúró síbẹ̀. Ohun tó ti ń rò láti àárọ̀ ló ń jà lẹ́nu rẹ̀.

ẸNJINÍÀ: Baba, níbo lẹ ti ń kó ẹrẹ̀?

BABA: Ibi tí ẹ fi hàn mí. Ìdí páìpù ilé iṣẹ́ ọ̀dà.

ẸNJINÍÀ: Ṣé kì í ṣe pé ibẹ̀ jìn, tí ẹ wá ń kó ti ìtòsí?

BABA: Ẹnjiníà, àádọ́ta ọdún ni mo ti wà lórí omi yìí. Bí mo bá fẹ́ parọ́, mo máa pa èyí tó tóbi ju ẹrẹ̀ lọ.

ẸNJINÍÀ: Ẹ má bínú. Ọkàn mi ni kò balẹ̀. Agogo mẹ́rin òní ni olùyẹ̀wò ń bọ̀.

BABA: Wolé-wolé.

ẸNJINÍÀ: Olùyẹ̀wò. Ó máa bu ẹrẹ̀ kó tó wọ iná, ó sì máa mú gíláàsì tó bá jáde. Tí májèlé bá wà nínú ẹrẹ̀, tí kò sì jáde lára gíláàsì, á jẹ́ pé iléru yìí ń ṣiṣẹ́. Á fọwọ́ sí i. A ti gbẹ́ apá òkè odò tán, omi ibẹ̀ ti mọ́. Ẹ̀rí pé májèlé tí à ń kó jáde ò ní padà síbẹ̀ nìkan ni wọ́n ń dúró dè, kí wọ́n ṣí i fún àwọn apẹja. Ṣùgbọ́n tí kò bá sí májèlé nínú ẹrẹ̀ rárá, kí ni kó kọ? Á ní òun ò rí nǹkan kan. Á padà síbi tó ti wá, ó tún di ọdún tó ń bọ̀.

Baba wo fìlà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

BABA: Ọdún tó ń bọ̀.

ẸNJINÍÀ: Bóyá.

BABA: Ọdún mẹ́rin àti oṣù méjì rèé tí mo ti da àwọ̀n gbẹ̀yìn. Ara ògiri yàrá mi ló wà. Mò ń jí, mò ń wò ó. Ó ń dùn mí, Ẹnjiníà, mi ò ní tàn yín. Ọmọ-ọmọ mi ti pé ọdún mẹ́ta. Wọ́n bi í ní jẹ́lé-ó-sinmi pé kí ni bàbá ẹ̀ àgbà ń ṣe. Ó ní ẹrẹ̀ ni mò ń tà.

ẸNJINÍÀ: Ìdí tí mo fi pè yín nìyẹn. Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé bí iná yìí ṣe ń ṣiṣẹ́, bóyá ẹ ó rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́.

Ẹnjiníà fẹ́ràn àlàyé ju oúnjẹ lọ. Ó yí ìwé àyẹ̀wò dojú dé, ó ya iléru sí ẹ̀yìn rẹ̀.

ẸNJINÍÀ: Iná tó wà lẹ́yìn ògiri yìí, ẹgbẹ̀rún kan ó lé irinwó dígírì ni.

BABA: Omi tó ń hó ńkọ́?

ẸNJINÍÀ: Ọgọ́rùn-ún.

BABA: Á jẹ́ pé oúnjẹ tútù la ti ń jẹ látọjọ́ yìí.

ẸNJINÍÀ: Tí ẹrẹ̀ bá wọ inú ẹ̀, á yọ́ bí ìgbà tí ṣúgà yọ́ nínú ìkòkò. Májèlé tó jẹ́ ti epo á jóná ráúráú. Òjé ò ní jóná ní tiẹ̀, ṣùgbọ́n gíláàsì á gbé e mì. Tí gíláàsì bá ti tutù, òjé ti wà nínú ẹ̀ nìyẹn, kò lè jáde mọ́. Òjò rọ̀, oòrùn ràn, ibẹ̀ ló máa wà.

BABA: Ẹ̀wọ̀n gbére.

ẸNJINÍÀ: Ẹ gbà á.

BABA: Èéfín ẹ̀ ńkọ́? Iná ò lè jó kó má rú èéfín.

ẸNJINÍÀ: A máa ń fọ èéfín kó tó jáde.

BABA: Ẹ máa ń fọ èéfín.

ẸNJINÍÀ: Dáadáa. Omi la fi ń fọ̀ ọ́.

BABA: Ó dáa bẹ́ẹ̀. Èmi náà ti ń fọ ẹrẹ̀.

Ẹnjiníà gbé bírò sílẹ̀ lórí ìwé.

ẸNJINÍÀ: Baba, kí lẹ ń ṣe?

BABA: Mò ń fọ ẹrẹ̀. Kí n tó kó o wá.

ẸNJINÍÀ: Ta ló ní kí ẹ fọ̀ ọ́?

BABA: Ta ló tún máa sọ fún mi? Ẹ̀yin lẹ ní inú iná ló ń lọ. Iṣẹ́ ẹja ni wọ́n fi tọ́ mi. A kì í gbé ohun tí a ò fọ̀ ka iná. Bí mo bá gbé ẹja tí mi ò fọ̀ síná, ìyá mi á dìde nínú sàréè.

ẸNJINÍÀ: Ẹrẹ̀ kì í ṣe ẹja.

BABA: Mo mọ̀. Ó ń gbà mí lásìkò ju ẹja lọ. Ẹ tún wo pátákó tí ẹ kọ sẹ́nu géètì yín: "Ẹ nu ẹsẹ̀ yín kí ẹ tó wọlé." Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo kà á, mo wo ẹsẹ̀ mi, mo wá wo ẹrù tí mo gbé dání. Ojú tì mí. Tí wọ́n bá ń wo ẹsẹ̀ báyìí, kí ni wọ́n máa sọ nípa ẹrù? Mo ní irú ẹ̀ ò ní ṣẹlẹ̀ sí mi mọ́.

ẸNJINÍÀ: Báwo lẹ ṣe ń fọ̀ ọ́?

Ojú Baba là. Oṣù mẹ́ta ló ti ń dúró de ìbéèrè yìí.

BABA: Mo máa dà á sínú ọpọ́n ńlá, mo máa bu omi lé e, mo máa fi àjẹ̀ rò ó. Tí mo bá fi sílẹ̀ díẹ̀, èyí tó wúwo á rọlẹ̀, èyí tó kúnná á wà lókè, dúdú, á máa rùn. Mo máa rọra da èyí tó wà lókè yẹn kúrò. Mo tún máa bu omi sí i. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni fún ti ojoojúmọ́.

ẸNJINÍÀ: Ti òní ńkọ́?

BABA: Ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Wọ́n ní wolé-wolé ń bọ̀.

ẸNJINÍÀ: Ẹ ò fi ọṣẹ sí i, àbí?

BABA: Díẹ̀.

Ẹnjiníà fi orí lé tábìlì. Ó sọ̀rọ̀ látibẹ̀.

ẸNJINÍÀ: Baba, gbogbo májèlé yẹn, ara èyí tó kúnná ló máa ń lẹ̀ mọ́. Iyanrìn lẹ ti ń kó wá fún mi.

BABA: Iyanrìn tó mọ́.

ẸNJINÍÀ: Oṣù mẹ́ta ni mo ti ń fi ẹgbẹ̀rún kan ó lé irinwó dígírì yọ́ iyanrìn tó mọ́.

BABA: Kí ló dà?

ẸNJINÍÀ: Gíláàsì.

BABA: Ṣé ó mọ́?

ẸNJINÍÀ: Ó mọ́ gan-an. Mo kọ ìwé lórí ẹ̀, ojú ewé ogójì. Mo gbé e lọ sí gbọ̀ngàn, mo dúró níwájú àwọn ọ̀gá, mo ní, ẹ wo gíláàsì yìí, májèlé bíńtín ò jáde lára ẹ̀.

BABA: Ẹ ò parọ́.

ẸNJINÍÀ: Wọ́n pàtẹ́wọ́.

BABA: Ó yẹ kí wọ́n pàtẹ́wọ́.

ẸNJINÍÀ: Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń bàjẹ́, mo ní ó ń pọ́n.

Ó gbé orí sókè lójijì. Nǹkan kan ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sí i lọ́kàn, ẹ̀rù rẹ̀ sì bà á débi pé kò lè wo fèrèsé.

ẸNJINÍÀ: Èyí tí ẹ dà kúrò lókè yẹn, tó dúdú, tó ń rùn. Baba, ẹ jọ̀ọ́, níbo lẹ dà á sí? Ẹ má sọ pé odò.

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọra, Baba ò fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀ mọ́.

BABA: Ọmọ mi, wò mí dáadáa. Ṣé mo jọ ẹni tó máa da ìdọ̀tí sódò? Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni bàbá mi lù mí láyé ẹ̀. Mo tutọ́ sómi ni. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí, mi ò sì tíì gbàgbé ìhà tó ti bà mí. Odò tí mo fẹ́ padà sí, ṣé èmi ni mo máa tún lọ bà á jẹ́?

ẸNJINÍÀ: Ẹ má bínú, Baba.

BABA: Àgbá ni mo ń dà á sí. Mo máa jẹ́ kó tòrò, mo máa fi aṣọ sẹ́ omi ẹ̀, omi yẹn náà ni mo fi ń fọ òmíràn. Èyí tó bá kù, mo dé e pa. Àgbá mọ́kànlá.

ẸNJINÍÀ: Níbo ni wọ́n wà?

BABA: Abẹ́ fèrèsé yín.

Ẹnjiníà dìde, ó bẹjú wolẹ̀. Àgbá búlúù mọ́kànlá wà níbẹ̀, wọ́n tò dọ́gba, wọ́n sì ń dán.

ẸNJINÍÀ: Mo rò pé ti ilé iṣẹ́ ni.

BABA: Ibòji ló jẹ́ kí n kó wọn síbẹ̀.

ẸNJINÍÀ: Mo máa ń jókòó lórí ọ̀kan jẹun ọ̀sán.

BABA: Mo máa ń rí yín. Mo ní, obìnrin yìí láyà.

ẸNJINÍÀ: Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?

BABA: Ẹ ń jẹun lọ́wọ́. A kì í bá ẹni tó ń jẹun sọ ọ̀rọ̀ ẹlẹ́gbin.

Ẹnjiníà ń wo àgbá. Ìbẹ̀rù ń kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ìṣirò ń bọ́ sí ipò rẹ̀.

ẸNJINÍÀ: Baba, ẹ̀rọ kan wà tó ń ṣe ohun tí ẹ ṣe yìí. Ó ń ya èyí tó lóró sọ́tọ̀ kúrò lára iyanrìn. Ó tóbi tó ilé alájà kan. Mo kọ̀wé béèrè ẹ̀ lọ́dún tó kọjá, wọ́n ní kò sí.

BABA: Bí wọ́n bá tún ní kò sí, mo ní àjẹ̀ kan tí mo lè yá yín.

ẸNJINÍÀ: Májèlé oṣù mẹ́ta ló wà nínú àgbá wọ̀nyẹn, kò sọnù. Tí a bá da ọ̀kan sínú iná níṣojú olùyẹ̀wò, ó máa rí ohun tó wọlé, ó máa rí ohun tó jáde. Ìṣòro kan ló kù. Èyí tó kúnná yẹn nìkan ò lè di gíláàsì. Iyanrìn ló ń di gíláàsì. A gbọ́dọ̀ wá iyanrìn sí i.

BABA: Iyanrìn wà nínú ọkọ̀ mi. Mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀marùn-ún.

ẸNJINÍÀ: Ìyẹn náà ni. A máa pò ó mọ́ ọn.

Baba gbọ́ ọ. Ó tún un rò lọ́kàn rẹ̀.

BABA: Ẹ jẹ́ kó yé mi. Ohun tí mo yọ, a máa dà á padà sínú ohun tí mo yọ ọ́ lára ẹ̀.

ẸNJINÍÀ: Bẹ́ẹ̀ ni.

BABA: A sì máa rò ó pọ̀.

ẸNJINÍÀ: Dáadáa.

BABA: Á wá di ẹrẹ̀.

ẸNJINÍÀ: Ẹrẹ̀ la fẹ́, Baba.

BABA: Irú èyí tí mo kó wá lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

ẸNJINÍÀ: Irú ẹ̀ gan-an.

BABA: Ọwọ́ mi ò lè ṣe é. Mi ò bá yín jà o. Ọwọ́ yìí ló kọ̀. Oṣù mẹ́ta, Ẹnjiníà. Ẹ̀yìn mi ṣì ń ro mí.

ẸNJINÍÀ: Mo mọ̀. Àṣejù ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ dáadáa ni. Tí ẹ ò bá sì jẹ́ kí n dà á pọ̀, ara ògiri ni àwọ̀n yín máa wà títí di ọdún tó ń bọ̀.

Baba dé fìlà rẹ̀ padà. Ó dé e wálẹ̀ títí ó fi bo ojú.

BABA: Ẹ̀yin ni kí ẹ rò ó. Mo máa kọjú sódò.

ẸNJINÍÀ: Ó dáa.

BABA: Kí lẹ máa sọ fún wolé-wolé?

ẸNJINÍÀ: Òótọ́. Pé oṣù mẹ́ta tí mo fi ń yangàn, iyanrìn ni mo ń yọ́.

BABA: Wọ́n lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín.

ẸNJINÍÀ: Wọ́n lè gbà á. Ṣùgbọ́n bí mo bá fi irọ́ ṣí odò, ẹnu ọmọ ọlọ́mọ ni irọ́ yẹn máa lọ.

BABA: Gbogbo òótọ́ lẹ máa sọ?

ẸNJINÍÀ: Gbogbo ẹ̀.

BABA: Títí kan èyí tí ẹ fi àgbá ṣe àga?

ẸNJINÍÀ: Ìyẹn ò sí lára iṣẹ́.

Báyìí ni wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lọ sí èbúté. Ẹnjiníà wọ ìbọ̀wọ́ àti ìbomú, ó ń da àgbá sínú iyanrìn, ó ń fi àjẹ̀ rò ó. Baba kọjú sódò, ṣùgbọ́n bó ṣe ń gbọ́ ìró àjẹ̀ ló ń sọ fún un pé kò rò ó dé ìsàlẹ̀. Olùyẹ̀wò dé ní agogo mẹ́rin, ó bu tirẹ̀ kó tó wọ iná, ó mú tirẹ̀ lẹ́yìn iná, ó gbọ́ gbogbo ìtàn náà láìrẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n tún sọ ti ọṣẹ fún òun, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó lọ.

Ọjọ́ kẹsàn-án ni ìwé rẹ̀ dé. Nínú yàrá kan náà ni wọ́n ti kà á. Baba ti wọ aṣọ ìpẹja, àwọ̀n rẹ̀ sì wà léjìká rẹ̀. Kò tilẹ̀ dúró kí ẹnikẹ́ni sọ èsì fún un kó tó gbé e wá.

ẸNJINÍÀ: Wọ́n ní oṣù mẹ́ta yẹn ò sí nínú ìṣirò. Wọ́n ní kí n tún ìwé ojú ewé ogójì kọ.

BABA: Iṣẹ́ yín ńkọ́?

ẸNJINÍÀ: Ó wà. Wọ́n ní kí n yọ́ àgbá tó kù tán, kí ẹ̀yin sì máa fọ ẹrẹ̀ lọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbí pé "ìlànà tuntun."

BABA: Ẹ ka ti odò.

ẸNJINÍÀ: "Májèlé pọ̀ nínú ẹrẹ̀ tó wọlé. Kò sí èyí tó jáde lára gíláàsì. Kí wọ́n ṣí apá òkè odò fún àwọn apẹja láti ọjọ́ Ajé."

Omi lé ròrò sí ojú Baba, ó sì jẹ́ kó wà níbẹ̀.

BABA: Ẹ tún ọjọ́ Ajé yẹn kà.

ẸNJINÍÀ: "Láti ọjọ́ Ajé."

BABA: Á jẹ́ pé ẹja ibẹ̀ ṣe é jẹ.

ẸNJINÍÀ: Ó ṣe é jẹ.

BABA: Ó dá yín lójú?

ẸNJINÍÀ: Ìwé ẹ̀ ló wà níwájú mi yìí.

BABA: Mi ò béèrè ìwé. Tí mo bá pa ẹja, ọmọ ọdún mẹ́ta wà nílé tó máa fẹ́ jẹ níbẹ̀. Torí náà, èyí tí mo bá kọ́kọ́ pa, ẹ̀yin ni mo máa gbé e wá fún.

ẸNJINÍÀ: Baba, ẹ má ṣe ìyọnu.

BABA: Kì í ṣe ìyọnu.

ẸNJINÍÀ: Èmi kì í jẹ ẹja.

BABA: Láti ìgbà wo?

ẸNJINÍÀ: Láti ìgbà tí mo ti débi iṣẹ́ yìí.

Baba gbé àwọ̀n sọ̀ kalẹ̀ léjìká. Ó gbé e lé orí tábìlì, lórí ìwé náà gan-an.

BABA: Ẹnjiníà, ọdún mẹ́rin ni mo fi ṣe sùúrù fún yín. Ẹ ní kí n má pẹja, mi ò pẹja. Ẹ ní iná máa gbé májèlé mì, mo gbà. Ọjọ́ Ajé, agogo méje àárọ̀, mo máa gbé ẹja tó ti jinná wá sínú yàrá yìí. Mo máa jókòó síwájú yín, ẹ máa jẹ ẹ́, mo máa wo ọ̀fun yín. Tí ó bá fi di Ọjọ́bọ̀ tí ara yín ṣì le, mo máa fún ọmọ-ọmọ mi ní tiẹ̀. Tí ẹ ò bá lè jẹ ẹ́, ẹ sọ fún mi nísinsìnyí, kí n gbé àwọ̀n mi padà sára ògiri.

Ẹnjiníà wo ìwé tó wà lábẹ́ àwọ̀n. Ó wo gíláàsì dúdú kan láti inú iléru, tó fi ń tẹ ìwé mọ́lẹ̀. Ó wo odò pẹ́. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ò mì rárá.

ẸNJINÍÀ: Mo máa jẹ ẹ́, Baba. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, kékeré ni kí ẹ bá mi pa.